Àyè Tí Mo Fi Sílẹ̀ fún Ọmọ Tí N Kò Rí

Ọmọbìnrin kan ní àdúgbò wa ní Ìgàndò, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé gíga, ló bi mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí ẹ ṣe yẹn, ṣé ó dáa? Àbí kí n wá nǹkan mìíràn ṣe?" Mo ní kó jókòó. Ó rò pé ìdáhùn ìṣẹ́jú méjì ni. Kò mọ̀ pé ẹni tó bá bi arúgbó léèrè iṣẹ́ tó fi ayé rẹ̀ ṣe, títí di ìrọ̀lẹ́ ló máa jókòó. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí náà, ẹ wá àga.

Tẹlifíṣọ̀n àwọn ọmọdé ni mo ṣe, kì í ṣe ti ìròyìn, kì í ṣe ti eré tíátà. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi dúró níwájú kámẹ́rà àti lẹ́yìn rẹ̀, tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ tí n kò rí ní ìṣirò, ìwé kíkà, ìmọ́tótó, àti bí ewé ṣe ń wá oúnjẹ láti inú oòrùn. Àǹtí Bísí ni wọ́n ń pè mí. Títí di òní, bí oorun bá gbé mi lọ lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo máa ń rí yàrá kan tí kò ní ògiri, tí àwọn ọmọ jókòó sí lọ rẹrẹẹrẹ títí ojú kò fi tó wọn mọ́. Gbogbo wọn á máa la ẹnu, n kò ní í gbọ́ ohùn wọn. Kì í bà mí lẹ́rù. Bí mo bá jí, ó máa ń ṣe mí bíi kí n padà síbẹ̀.

Bí mo ṣe wọ iṣẹ́ náà kò gùn. Tíṣà ni mí ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, bí ọ̀pọ̀ àwa tí òbí wa wá láti Èkìtì. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ń wá tíṣà tí ohùn rẹ̀ já geere. Mo lọ, wọ́n mú mi. Owó oṣù ńkọ́? Ó ń dé, ó ń lọ, ó ṣáà gbé wa débi tó gbé wa dé. Ẹ jẹ́ ká kọjá síbi tí ọ̀rọ̀ wà.

Ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀gá Láníyì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, olóòtú ètò àwọn ọmọdé, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í pariwo. Ọ̀gá tí kì í pariwo gan-an ni kí ẹ bẹ̀rù. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ti wọ aṣọ tuntun, mo ti ṣe irun, mo rò pé kámẹ́rà ló kàn. Ó fa àga kékeré kan jáde, ó gbé e síwájú mi, ó sì to bàtà ọmọdé méjì sísàlẹ̀ àga náà, bàtà pupa tí okùn ọ̀kan ti já.

Ó ní, "Ó yá, kọ́ ọ ní ìṣirò."

Mo ní, "Ta ni, sà?"

"Ọmọ tó ni bàtà."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, àmọ́ ojú rẹ̀ kò gba ẹ̀rín. Mo bẹ̀rẹ̀. "Ẹ̀yin ọmọ, bí a bá ní ọsàn méjì, tí a fi mẹ́ta kún un, mélòó ló di? Ó di márùn-ún! Ẹ káre!"

Ọ̀gá bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ó ní, "Bísí, o ti jí ìdáhùn ọmọ yẹn gbé."

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ òfin tí a fi ń ṣe iṣẹ́ wa. Bí o bá bi ọmọ tó wà nílé ní ìbéèrè, o gbọ́dọ̀ dákẹ́ fún un kó lè dáhùn. O ò lè gbọ́ ọ, síbẹ̀ o gbọ́dọ̀ dákẹ́. Ìmí mẹ́ta ni ọ̀gá mi fi wọ̀n ọ́n: kí o mí sínú, kí o mí síta, lẹ́ẹ̀mẹta, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. O ò gbọdọ̀ wo ìwé, o ò gbọdọ̀ mu omi, o ò gbọdọ̀ tún gèlè ṣe. Ojú rẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ ojú ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Ó máa ń sọ pé ojú ẹni tó ń dúró de mọ́tò yàtọ̀ sí ojú ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀, pé ọmọdé sì mọ ìyàtọ̀ náà ju àgbà lọ.

Mo bá a jiyàn, orí mi le nígbà náà. Mo ní, "Ọ̀gá, ìmí mẹ́ta ti pọ̀ jù. Ọmọ tó mọ̀wé á ti dáhùn kí n tó pa ẹnu dé."

Ó ní, "Ọmọ tó yára ò nílò wa. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn là ń dúró dè."

Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi kọ́ àga. Àwọn tó ń gbé iná sítúdíò á kọjá, wọ́n á kí àga náà pé, "Ọmọ Àǹtí Bísí, ṣé o ti ń mọ̀wé báyìí?" Màá bú wọn, wọ́n á rẹ́rìn-ín lọ. Bí mo bá ṣi ìmí kan gé kúrú, ọ̀gá á gbé ọwọ́ sókè, a ó sì padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Mo máa ń sunkún lọ sílé, ní tòótọ́. Àmọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sórí páànù, mo bi àga náà ní iye ìka tó wà ní ọwọ́ méjì, mo dákẹ́, mo mí lẹ́ẹ̀kan, mo mí lẹ́ẹ̀kejì, ni mo bá gbọ́ "mẹ́wàá" ní ohùn tín-ín-rín. Mo bojú wẹ̀yìn. Kò sí ọmọ kankan nínú ilé náà. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ má sì bi mí bóyá òótọ́ ni, torí èmi náà ò mọ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì ìyẹn, ọ̀gá rán mi lọ sí Ìkòtún, sí pálọ̀ onílé kan tí gbogbo ọmọ àdúgbò ti ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ó ní, "Má wo tẹlifíṣọ̀n o. Àwọn ọmọ ni kí o wò." Mo kẹ̀yìn sí tẹlifíṣọ̀n, mo kọjú sí wọn. Àwọn kan jókòó nílẹ̀, àwọn kan rọ̀ mọ́ fèrèsé níta. Ètò òkèèrè kan ló ń lọ, tí olùkọ́ ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Bó bá bi wọ́n ní nǹkan, àwọn tó wà níwájú á pariwo ìdáhùn. Ọmọbìnrin kan wà lójú fèrèsé tí àgbọ̀n rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju igi fèrèsé lọ. Ó na ìka rẹ̀, ó ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó fi gbé orí sókè láti dáhùn, wọ́n ti dé orí nǹkan mìíràn. Ó wo ìka rẹ̀, ó sì ká wọn kò padà. Láti ọjọ́ náà, n kò bá ọ̀gá mi jiyàn ìmí mẹ́ta mọ́.

Ẹ ó fẹ́ gbọ́ nípa irinṣẹ́, ẹ̀yin ọmọ ayé kọ̀ǹpútà. Nígbà tiwa, pátákó kan tí a fi aṣọ onírun bò ni a fi ń kọ́ ẹ̀kọ́. A ó gé ọsàn, ẹyẹ àti ilé láti ara páálí, a ó lẹ bébà tí àwọn káfíńtà fi ń ha igi mọ́ ẹ̀yìn wọn, wọ́n á sì lẹ̀ mọ́ aṣọ náà. Iná sítúdíò gbóná débi pé ọsàn máa ń já bọ́ kí a tó kà á tán, èmi á sì ní, "Ẹ wò ó, ọ̀kan ti pọ́n, ó ti já!" Téèpù tí a fi ń ká ètò tóbi ju Bíbélì inú ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Kò sí pé a ń gé e, a ń so ó. Bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ ní ìparí, ìbẹ̀rẹ̀ là ń padà sí. Téèpù sì wọ́n. Bí ètò bá ti jáde fún ìgbà díẹ̀, a ó gba téèpù náà, a ó sì ká nǹkan mìíràn lé e. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ohun tí mo ṣe ní èwe mi ṣe pa rẹ́. Kò dùn mí nígbà náà, torí mo rò pé inú àwọn ọmọ ló wà.

Téèpù ń kéré sí i, èmi ń sanra sí i. Ọ̀gá Láníyì fẹ̀yìntì, ó sì dágbére fáyé, a lọ sin ín sí Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n fi mí jẹ olóòtú. Mo ṣe ètò ìdíje fún àwọn ọmọ ilé ìwé girama fún ìgbà pípẹ́, mo ṣe ti sáyẹ́ǹsì, àmọ́ ètò àwọn ọmọ kéékèèké ní àárọ̀ Sátidé ni n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà lọ́wọ́ mi. Gbogbo ọmọ tó bá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, mo gbé àga ka iwájú rẹ̀. Mo rò pé mo mọ iṣẹ́ náà dópin. Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe.

Kò tíì pẹ́ rárá, ó ku oṣù mélòó kan kí n fẹ̀yìntì. Ọ̀gá tó ń bójú tó ìpolówó ọjà, ọkùnrin kan tí mo lè bí lọ́mọ, pè mí, ó ní ètò mi gùn jù, kí n gé e kúrú kí ìpolówó lè ráyè wọlé. Mo ní kò ṣeé gé. Ó ní, "Màmá, gbogbo nǹkan ló ṣeé gé, jàre." Inú ń bí mi ni mo bá lọ bá Rónkẹ́, ọmọbìnrin tó ń fi kọ̀ǹpútà to ètò wa. Ẹ̀kọ́ mẹ́tàlá la ti ká sílẹ̀. Rónkẹ́ ṣí i. Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń fi ohùn èèyàn hàn, òkè kéékèèké ni: ibi tí mo bá ti sọ̀rọ̀, òkè, ibi tí mo bá ti dákẹ́, ilà tó tẹ́ pẹrẹsẹ.

Rónkẹ́ fi ìka kan ilà náà. Ó ní, "Màmá, kò sí nǹkankan níbí ṣá. Ibí náà, kò sí nǹkankan."

Mo wò ó. Bẹ́ẹ̀ ló rí lójú èmi náà. Mo rò ó pé bí a bá yọ àwọn ibi tó tẹ́ wọ̀nyẹn, ètò á kúrú, a ò sì ní í pàdánù ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Mo tiẹ̀ rò pé ọgbọ́n ni mo fi ju ọ̀gá ìpolówó lọ. Mo ní, "Gé e." Ọjọ́ méjì la fi gé gbogbo ẹ̀kọ́ mẹ́tàlá. A kò tọ́jú èyí tó gùn. Àṣà àtijọ́ kò kúrò lára mi: ohun tí a bá ti lò tán, a ó pa á rẹ́ kí àyè lè wà. Èmi tí mo fi oṣù mẹ́ta sunkún nítorí ìmí mẹ́ta, èmi náà ni mo ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ dànù, n kò sì ṣẹ́jú.

Kò sẹ́ni tó bú mi. Wọ́n tún yìn mí. Wọ́n ní ètò náà ti ń yára, ó ti já fáfá. Mo gba ìyìn.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, mo wà lọ́jà Shasha, mò ń ná ẹ̀wà. Ọkùnrin kan tó gbé àpò gaàrí dúró gbọnin. Ó ní, "Ohùn yìí! Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé kì í ṣe Àǹtí Bísí orí tẹlifíṣọ̀n nìyí?"

Mo tún gèlè ṣe. Ta ni ò fẹ́ kí wọ́n mọ òun lọ́jà? Mo ní, "Èmi ni o."

Ó gbé àpò kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó kí mi. Ó ní télọ̀ lòun ní Ìṣẹ̀rí-Olófin, pé òun ní ọmọ kan, Sáínábù, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. "Akólòlò ni, mà. Nílé ìwé, kó tó la ẹnu, wọ́n ti bá a parí ọ̀rọ̀. Nílé ńkọ́, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á ní kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Àmọ́ bó bá ti di Sátidé, ẹ ó bi í, ẹ ó sì máa wò ó. Á fà á, á fà á, á sì dáhùn kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Wàláhì, mo máa ń dá maṣíìnì dúró kí n lè gbọ́ ọ. Wọ́n ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe bàbá. Ọ̀dọ̀ yín ló ti pè é."

Mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́, mo ń retí ọpẹ́.

Ó ní, "Àmọ́ láìpẹ́ yìí, ẹ kì í dúró dè é mọ́. Kó tó la ẹnu, ẹ ti ní 'ó káre,' ẹ ti kọjá lọ. Ní Sátidé kan, òun fúnra rẹ̀ ló dìde tó pa tẹlifíṣọ̀n. Láti ọjọ́ yẹn, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́, ọwọ́ ló fi ń tọ́ka sí nǹkan. Nílé, nílé ìwé, ní ilé kéú, kò sọ̀rọ̀." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Ó rò pé ẹ̀yin ń bínú sí òun ni."

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà ni mo wà lọ́jà náà, èmi ni mo sì wọ́ orí ọmọ. N kò ra ẹ̀wà mọ́. Mo gba nọ́ńbà rẹ̀, mo lọ sílé. Ojú tì mí débi pé mo dúpẹ́ pé ọ̀gá mi ti kú.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, mo lọ bá ọ̀gá ìpolówó. Mo ní mo fẹ́ tún gbogbo ẹ̀kọ́ náà ká.

Ó ní, "Màmá, kí ló ṣe wọ́n? Àwọn èèyàn fẹ́ràn wọn báyìí. Ẹ ti fẹ́ fẹ̀yìntì, ẹ jẹ́ ká fi wọ́ọ́rọ́wọ́ parí ẹ̀."

Mo ní, "Yọ orin ìbẹ̀rẹ̀. Yọ ìkíni mi. Yọ orúkọ mi ní ìparí. Ìpolówó rẹ á wọlé. Àmọ́ bí ìmí mẹ́ta yẹn kò bá padà, èmi náà ò ní í padà wọ sítúdíò yẹn mọ́, kí o sì wá ẹni tí á bá ẹ kí àwọn ọmọ ní Sátidé." N kì í halẹ̀ mọ́ èèyàn. Ó wò mí, ó rí i pé mi ò ṣeré.

Kò sí àyè ní sítúdíò, nítorí náà ní ìdájí ni èmi àti Rónkẹ́ ń dé, ṣáájú àwọn oníròyìn. Ohùn mi ti ń há. Rónkẹ́ kò gbàgbé láti gbé àga kékeré kan síwájú mi, n kò sì sọ fún un pé kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ètò tuntun jáde ní Sátidé kan, ìmí mẹ́ta pé nínú rẹ̀. Mo pe bàbá Sáínábù lórí fóònù ní ọ̀sán ọjọ́ náà.

Ó ní, "A tan tẹlifíṣọ̀n, mà. Mo pè é. Ó kọ̀, kò jókòó."

Ìwọ ọmọ tó wá bi mí léèrè, nínú iṣẹ́ yìí, ẹ̀ṣẹ̀ tí o bá ti orí afẹ́fẹ́ ṣẹ ọmọ, o ò lè ti orí afẹ́fẹ́ tún un ṣe. Bí o bá fẹ́ wọ iṣẹ́ náà, mọ ìyẹn kí o tó bi mí nípa kámẹ́rà. Mo wọ aṣọ, mo gba Ìdìmú, mo sì lọ sí Ìṣẹ̀rí-Olófin.

Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ló wà níwájú ilé náà, pálọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ gba ẹnu ọ̀nà wọlé, eruku aṣọ ń fò nínú rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọmọ náà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ti pa. Ó kéré ju bí mo ṣe rò lọ. Ó wò mí, ó wo tẹlifíṣọ̀n, ó tún wò mí, bí ẹni tó ń wò ó bóyá mo ti jáde tán. Mo jókòó sórí ẹní kí ojú wa lè dọ́gba. Bàbá rẹ̀ ní kó kí mi. Ó kúnlẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ní, "Ó ní ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà," ni bàbá bá yí ojú sí i, ó dákẹ́.

Mo ti múra ohun tí mo fẹ́ sọ láti Ìgàndò. Gbogbo rẹ̀ sá kúrò lórí mi. Mo kàn ń wò ó. N kò ka ìmí. Ẹnìkan ń pọnmi lẹ́yìnkùlé, ó pọnmi tán, ó lọ. Ọmọ náà la ẹnu, ètè rẹ̀ gbọ̀n, ọ̀rùn rẹ̀ le. Mo rí i tí ọ̀rọ̀ náà ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn.

Ó ní, "K-k-kí ni m-mo ṣe yín?"

Ó tẹjú mọ́ mi. Gbogbo ìbéèrè tí mo ti bi ọmọ láti ìgbà èwe mi, ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìwé lọ́wọ́ mi. Èyí kò sí nínú ìwé. Ó dúró dè mí. Kò tọ́ mi sọ́nà, kò bá mi parí ọ̀rọ̀, kò wo ibòmíràn.

Mo ní, "O ò ṣe nǹkankan. Èmi ni mo ṣẹ̀ ọ́. Mo wo ibi tí o ti ń sọ̀rọ̀, mo sì rò pé kò sẹ́ni níbẹ̀."

Ó rò ó títí.

Ó ní, "M-mo wà ńbẹ̀."